Ẹ̀rọ tó ń ka muon lórí òrùlé wa ní Àjàṣẹ́ ń purọ́ lọ́sàn-án, ó tún ń purọ́ lálẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá dátà tó dára mọ̀?

Ọmọ_Oganla (Ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Mo ń ṣe ọdún kejì mástà nínú ẹ̀kọ́ fisíìsì. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí òrùlé ilé wa ní Oganla, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Muon ló ń kà, àwọn ègé tíntìntín tó ń já bọ́ nígbà tí ìtànṣán láti òfuurufú bá kọlu afẹ́fẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Àwo ike méjì ni mo fi ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, ọ̀kan wà lórí èkejì. Bí muon bá gba inú àwo kọjá, àwo á tan ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́. Ojú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní SiPM á rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, á sì sọ ọ́ di iná tó ta pẹ́ẹ́. Tí àwo méjèèjì bá ta lẹ́ẹ̀kan náà, mo kà á sí muon kan.

Lóru, kò sí wàhálà: bíi 600 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n láti aago kan ọ̀sán títí dé aago mẹ́rin, ó ń já wálẹ̀ sí 430. Tó bá wá di aago méje alẹ́, á fò sókè sí 940! Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, á tún ti padà sí 600, àfi bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo ti ń wò ó. Olùkọ́ mi ní kí n lọ mọ̀ bóyá dátà náà dára kí n tó wá máa bá òun sọ̀rọ̀ òfuurufú.

Ìbéèrè mi nìyí. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ńláńlá, bí àwọn tó wà ní CERN, ibùdó ìwádìí fisíìsì ńlá ti Yúróòpù, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé dátà àwọn kò tíì bàjẹ́? Sọ́fítíwíà wo ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ? (Lójísíẹ́ẹ̀lì là ń pè é níbí o, ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ má bínú.) Àti pé, ṣé kí n kàn pa dátà ọ̀sán àti ti alẹ́ rẹ́ ni?

Alákàrà_Ouando

Aago méje alẹ́ kẹ̀? Àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà nìyẹn. Ṣé ó dá ọ lójú pé muon ni, kì í ṣe èrò? 😂

Àjàlá_Kọ̀ǹpútà

Má pa á rẹ́ lọ́wọ́, ó máa pẹ́ jù. Kọ ìlà mẹ́ta ní Python: ohunkóhun tó bá kéré ju 550 tàbí tó ju 650 lọ, jù ú nù. Ó parí.

Òkè_Ṣábẹ

Àjàlá, ìlà mẹ́ta rẹ yẹn ló ń ba ìwé jẹ́. Dúró ná.

Àbúrò Ọmọ_Oganla, o kú iṣẹ́. Nígbà tí mò ń ṣe ìwé dókítà mi lókè òkun, mo wà lára àwọn tí wọ́n ń jókòó ṣọ́ dátà CMS, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ńlá CERN, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ. CMS wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Cessy, ní Faransé, kò jìnnà sí ààlà Switzerland. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 14,000. Nínú LHC, òrùka tí àwọn ègé tíntìntín ń sáré nínú rẹ̀, tó jẹ́ kìlómítà 27 yípo, àwọn ìdì prótọ́ọ̀nù ń pàdé ara wọn ní àárín ẹ̀rọ náà bíi mílíọ̀nù 40 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sẹ́ni tó lè kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Asẹ́ ni wọ́n ń lò. Asẹ́ àkọ́kọ́ ń dín in kù sí 100,000. Asẹ́ kejì, tó jẹ́ kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ tí wọ́n tò jọ, ń dín ìyẹn kù sí nǹkan bí 1,000 nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Sọ́fítíwíà tí o ń béèrè, DQM (Data Quality Monitoring) ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò tíì rí i rí á rò pé ó gbọ́n bí babaláwo. Rárá o. Àwòrán ló ń yà. Ó ń bu díẹ̀ nínú ohun tó kọjá asẹ́, ó ń fi ya àwòrán ọ̀pá: mélòó ló kan igun yìí, báwo ni iná ṣe ga tó ní igun yẹn, ìgbà wo ló dé. Apá ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní ECAL ní kírísítà 75,848, kò sì sí èyí tí wọn kì í wò nínú wọn. Ìwọ ní ojú méjì péré, o ti ń sunkún!

Ohun méjì ni ojú wa kọ́kọ́ máa ń wá: èyí tó yadi, àti èyí tó ń ṣàròyé. Èyí tó yadi kò sọ nǹkan kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ará àdúgbò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Aláròyé ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó kàn án. Lórí àwòrán, ọ̀kan á dúdú, èkejì á tàn bí iná. Kò nílò ìwé dókítà láti rí ìyẹn. Èyí tó le ni èyí tí kò yadi tí kò sì ṣàròyé, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀. Fún ìyẹn, a ní àwòrán ìfiwéra, ìyẹn àwòrán tí wọ́n yà ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn gbà pé ara ẹ̀rọ yá. Sọ́fítíwíà á fi tòní wé e, á lo ìdánwò bíi Kolmogorov-Smirnov tàbí khi-onílọ́po-méjì, tí wọ́n bá sì jìnnà síra ju bó ṣe yẹ lọ, àpótí á pọ́n.

Wọ́n kì í dájọ́ fún odidi ọjọ́ kan lápapọ̀ o. Ègé àkókò ni wọ́n ń gé e sí, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ègé kọ̀ọ̀kan ní CMS. Bí iná apá kan bá lọ fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn ègé tó kàn nìkan ni wọ́n ń fàmì sí. Àwọn tó jókòó ń wò ó lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti tún dátà náà tò dáadáa, àwọn àgbà iṣẹ́ láti apá kọ̀ọ̀kan á tún un wò. Ohun tó máa ń gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni fáìlì kékeré kan tó ń sọ pé ègé báyìí sí báyìí ló ṣeé fi ṣèwádìí. Wọ́n fi wúrà pe fáìlì náà, golden JSON. Ìwọ fúnra rẹ lè wò ó: láti oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni CERN ti ṣí ojú-òpó dátà rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, CMS sì ń fi irú àkójọ yìí pẹ̀lú dátà tó bá gbé síbẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ tó gbẹ̀yìn: má pa nǹkan kan rẹ́.

Ará_Ìmẹ̀kọ

Mo kí gbogbo ilé láti òdìkejì ààlà. Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni wọ́n máa ń pàdánù báyìí? Tí a bá ń ṣà tó báyẹn, ṣé nǹkan kan á kù sínú igbá?

Òkè_Ṣábẹ

Ó ń kù dáadáa. ATLAS, tó jẹ́ orogún CMS, tẹ tiwọn jáde: láàárín 2015 sí 2018, wọ́n kọ inverse femtobarn 147 sílẹ̀ (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye ìkọlù nìyẹn, dátà púpọ̀ ni), 139 nínú rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ wọn ni pé wọn kì í kọ "kò dára" lásán. Orúkọ àbùkù ni wọ́n ń kọ, apá ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, àti bóyá ó ṣeé fara dà. Tó bá di ọ̀la tí ẹnì kan rí oògùn àbùkù yẹn, wọ́n á yí ìdájọ́ padà láìfọwọ́ kan dátà.

Ìyá_Ìdẹ̀nà

Ọmọ mi, o kú aápọn. Tíṣà fisíìsì ni mí ní Kétu. Àlàyé asẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe dára, ṣùgbọ́n Àkàbà Ìdẹ̀nà ni mo fi ń ṣe é fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Kí Dàhòmì tó fọ́ ìlú wa lọ́dún 1886, odi àti yàrà ló yí Kétu ká, ẹnu ibodè yẹn la sì ń gbà wọlé. Oníbodè wà níbẹ̀. Ẹni tí oníbodè bá dá padà, ó ti lọ nìyẹn. Bí o bá wá a lọ́la, o ò lè rí i, o ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ kó wọlé, kódà kó jẹ́ olè, ó ṣì wà nínú ìlú. A lè wá a kàn.

Nǹkan tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé àrùn méjì ló ń ṣe ẹ̀rọ yẹn, kì í ṣe ọ̀kan. Lọ́sàn-án, oníbodè ń dá ọmọlúàbí padà. Lálẹ́, ó ń jẹ́ kí olè wọlé. Ìlà mẹ́ta tí Àjàlá kọ pa àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan, oògùn wọn kò sì jọra.

Má dá ojú sánmà lẹ́bi o. Lóòótọ́, bí afẹ́fẹ́ bá wúwo sí i, muon tó máa dé ilẹ̀ á dín. Nílẹ̀ wa níbí, ìwúwo afẹ́fẹ́ ń gòkè ó ń sọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣùgbọ́n hectopascal mélòó kan péré ni. Ìyẹn kò lè yí iye rẹ padà tó 1 nínú 100. Ìwọ ń sọ ohun tó sún mọ́ 30 nínú 100.

Lọ mú nǹkan mẹ́ta wá fún wa. Èkíní, báwo ni inú àpótí ṣe gbóná tó lọ́sàn-án àti lóru. Èkejì, àwòrán gíga iná tó ń ta, ti òru, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, má pa wọ́n pọ̀. Ẹ̀kẹta, àlàfo tó wà láàárín muon kan àti èyí tó tẹ̀lé e.

Ọmọ_Oganla

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ̀gbọ́n Òkè_Ṣábẹ, ẹ ṣeun, sà. Mo máa gba ìwọ̀n ooru lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́la.

Ọ̀kan tún ń dà mí láàmú: lóru àná, láago méjì, ó ka 655. Ṣé òru náà ti ń bàjẹ́ ni?

Ìyá_Ìdẹ̀nà

Rárá. Muon kì í tò wá bí ọmọ ilé-ìwé. Bí o bá ń retí 600, ohun tí o máa rí á máa yẹ̀ síwá sẹ́yìn ní nǹkan bíi gbòǹgbò 600, ìyẹn bíi 24. Kí ó yẹ̀ ju ìlọ́po méjì 24 lọ, wákàtí kan nínú ogún ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168, nítorí náà bíi mẹ́jọ nínú wọn á jáde síta ààlà yẹn, ara ẹ̀rọ rẹ á sì le koko. Bí o bá fẹ́ kí agogo máa dún, fi í sí ìlọ́po mẹ́ta, bíi 75 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré nínú wákàtí ẹgbẹ̀rún ni irọ́ á máa mú un dún.

Òkè_Ṣábẹ

Ẹ gbà á lẹ́nu Ìyá. Ọ̀rọ̀ agogo irọ́ yìí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa. Bí àwòrán bá pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí o sì há ààlà jù, àpótí pupa á kún ojú kọ̀ǹpútà láràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó jókòó níbẹ̀ kò ní wo pupa mọ́. Mo ti rí i tí ẹlẹgbẹ́ mi kan ń jẹ búrẹ́dì, tí pupa ń tàn níwájú rẹ̀, ó ní "ìyẹn ti wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n tí pupa gidi bá dé lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Àjàlá_Kọ̀ǹpútà

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀. Òye àtọwọ́dá ti wà báyìí. Ẹ fi dátà kọ́ ọ, á máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ṣé CERN náà kò lò ó ni?

Òkè_Ṣábẹ

Wọ́n ń lò ó. Ní ECAL tí mo sọ yẹn, wọ́n ti fi autoencoder sínú DQM. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: àwòrán tó dára nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, títí á fi lè fún un pọ̀ kó sì tún un yà bó ṣe wà. Bí àwòrán tó ní àbùkù bá wá dé iwájú rẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n yà. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣìnà, ibẹ̀ ni àbùkù wà. Ó máa ń rí ohun tí ojú wa fò.

Ṣùgbọ́n wo ọ̀ràn àbúrò yìí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ní, ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ni ọ̀sán ti dín tí alẹ́ sì ti pọ̀. Bí o bá fi ìyẹn kọ́ ẹ̀rọ, á gbà pé àṣà ìlú ni. Lọ́jọ́ tí alẹ́ bá dára, ìgbà yẹn gan-an ni á ké ìbòsí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí dídára ṣe rí.

Àjàlá_Kọ̀ǹpútà

Hmm. Ó dáa, mo gba ìyẹn.

Ọmọ_Oganla (Ọjọ́bọ̀, aago 6 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti dé o. Ẹ wo ohun tí mo rí.

Ooru: lóru, inú àpótí jẹ́ 27°C. Láago méjì ọ̀sán, 47°C! Abẹ́ páànù ni mo gbé e sí, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án.

Àwòrán gíga iná: ti òru ní òkè kan tó dúró dáadáa láàárín. Ti ọ̀sán, òkè kan náà ni, àmọ́ ó ti sún sápá òsì, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gé kúlú bí ẹni fi àdá gé e, níbi ààlà tí mo fún ẹ̀rọ pé kó má ka ohun tó kéré jù ú lọ. Ti alẹ́, òkè ti òru wà níbẹ̀ láìyẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òkè kékeré kan tún hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí ṣóńṣó.

Àlàfo: lóru, àwọn tó tẹ̀lé ara wọn láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kò ju bíi mẹ́wàá lọ ní wákàtí kan. Lálẹ́, wọ́n ju 300 lọ. Wọ́n ń tú jáde gìrìgìrì, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún tú jáde.

Ìyá_Ìdẹ̀nà

Ọmọ dáadáa. Ó ti jẹ́wọ́.

Ká mú ọ̀sán ná. Bí SiPM bá ń gbóná, iná tó nílò kó tó lè jí ń lọ sókè, bíi mílífólítì 20 fún dígírì kan. Ogún dígírì ni tìrẹ, ìyẹn fi tó fólítì 0.4. Ìwọ kò fi kún iná tí o ń fún un, nítorí náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Muon kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, ohùn tó rẹlẹ̀. Àwọn tó ti wà nítòsí ààlà tẹ́lẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, oníbodè sì dá wọn padà. Wọn ò sí nínú fáìlì rẹ, kò sí ìṣirò tó lè dá wọn padà fún ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti alẹ́ yàtọ̀. Muon ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Bí o bá ń retí mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, kí èkejì dé láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ṣọ̀wọ́n, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn bá mẹ́wàá tí o rí lóru mu rẹ́gí. 300 kì í ṣe muon. Nǹkan kan ń ta iná sínú wáyà rẹ. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò yín láti aago méje sí mẹ́sàn-án?

Ọmọ_Oganla

Mà... jórinjórin kan wà lẹ́yìn ògiri wa. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jórin nítorí oòrùn ọ̀sán. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwo méjì tó gbọ́dọ̀ ta pọ̀ ló ń gbà mí lọ́wọ́ irú ìyẹn!

Òkè_Ṣábẹ

Ó ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ariwo tí ojú kọ̀ọ̀kan ń dá pa fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í sábà bọ́ sí àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n iná ajórin ń wọ wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlẹ́rìí méjì ni, àmọ́ ẹnu kan ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Má jẹ́ kójú tì ọ́. Nínú òrùka kan náà yẹn, kí LHC tó dé ibẹ̀, LEP ló wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé agbára ìtànṣán ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣùpá wà lára rẹ̀: bó ṣe ń fa omi òkun náà ló ń fa ilẹ̀, òrùka kìlómítà 27 ń gùn ó ń kúrú ní bíi mílímítà kan. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò, síbẹ̀ ariwo kan ṣì kù. Ọ̀sán ló ń pọ̀, tó bá di ọ̀gànjọ́ òru á dákẹ́, tó bá di ìdájí á tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń sùn lọ́gànjọ́ òru? Ọkọ̀ ojú irin. Iná TGV tó ń lọ sí Paris ló ń gba inú ilẹ̀ wọ páìpù LEP. Jórinjórin tiwọn nìyẹn.

Ará_Ìmẹ̀kọ

Èmi ò lè gbàgbé ti OPERA, ìwádìí kan ní Ítálì. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, wọ́n kéde pé neutrino, irú ègé tíntìntín mìíràn, tí wọ́n rán láti CERN lọ sí Gran Sasso ní Ítálì, ọ̀nà kìlómítà 730, fi bíi ìṣẹ́jú àáyá 60 nínú bílíọ̀nù ṣáájú ìmọ́lẹ̀ dé. Gbogbo ayé pariwo, wọ́n ní Einstein ti wọ gàù. Nígbà tó di 2012, ó jáde pé okùn ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé aago GPS wọlé ni wọn kò dè le. Okùn kan!

Alákàrà_Ouando

Bó bá jẹ́ jórinjórin ni, èmi kò kúkú purọ́ púpọ̀ nígbà tí mo sọ pé èrò ọjà ni. 😎

Òkè_Ṣábẹ

Ará_Ìmẹ̀kọ, ṣé o rí ìyàtọ̀ OPERA? Kò sí àpótí kankan tó pọ́n. Gbogbo àwòrán tí wọ́n ń wò ló dára, nítorí kò sẹ́ni tó yàwòrán okùn yẹn. Sọ́fítíwíà kì í ṣọ́ ohun tí a kò ní kó ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àbúrò máa kọ ooru, iye iná tó ń wọ ẹ̀rọ, àti wákàtí jórinjórin sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú muon. Àbúrò, lọ bá ẹ̀gbọ́n jórinjórin sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Oganla

Mo ti lọ. Ó kọ́kọ́ rò pé mo wá jà nítorí ariwo. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní ṣé irin òun ló ń di ìràwọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó ti gbà láti máa kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí sínú ìwé kékeré. Ó ní òun ò ní gbowó, àfi kí n máa fi àwòrán hàn án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá_Ìdẹ̀nà

Ọ̀gá aṣọ́dátà nìyẹn! Kí i fún mi.

Ohun tí o máa ṣe sí àwọn ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kọjá: ọ̀sán, fàmì sí i pé kò ṣeé fi kà, sọ pé ooru ni. Àwòrán rẹ̀ ṣì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ooru ṣe ń ṣe SiPM, nítorí náà fi í sílẹ̀. Alẹ́, yọ àwọn tó tẹ̀lé ara wọn láàárín ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kúrò, kí o sì ṣe ohun kan náà sí òru. O máa pàdánù muon tòótọ́ díẹ̀, bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n o mọ iye tí o pàdánù, o lè dá a padà nínú ìṣirò. Olè lò ń lé, ó ṣì wà nínú ìlú.

Sí iwájú, gbé e kúrò lábẹ́ páànù. Fi bébà aláyọmíníọ̀mù wé àpótí, fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀ (earthing), kí o sì fi bátìrì fún un níná.

Ọmọ_Oganla (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

Mo ti gbé e sábẹ́ igi máńgò nínú àgbàlá, nínú garawa tó ní ìdérí. Mo dín ààlà rẹ̀ kù díẹ̀. Mo fi bátìrì sí i, mo wé e. Lọ́sàn-án báyìí, 33°C ni. Wákàtí ọ̀sán ń ka bíi 615, òru 625, alẹ́ 630. Ẹ̀gbọ́n jórinjórin jórin lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ kò mira.

Òkè_Ṣábẹ

O kú oríire! Rántí o: ìgbà tí o dín ààlà kù, ẹ̀rọ mìíràn ló di. Má fi ti oṣù tó kọjá wé e mọ́. Mú òru kan tó dára lára tuntun, kí o fi ṣe àwòrán ìfiwéra rẹ, kí o kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí i.

Ọmọ_Oganla

Mo ti ṣe é, sà. Mo pín in sí ègé ìdajì wákàtí. Díẹ̀ lára àkójọ oṣù tó kọjá àti ti ìsinsìnyí rèé:

Ajé 13:00–16:00 | KÒ DÁRA FÚN KÍKÀ | ooru, 47°C, òkè sún sósì | kò ṣeé tún ṣe
Ajé 19:00–21:00 | ÀBÙKÙ | ajórin, títú gìrìgìrì | ó ṣeé tún ṣe, yọ àlàfo kúkúrú
Ọjọ́rú 02:00–02:30 | DÁRA
Àìkú (tuntun) 10:30–11:00 | KÒ DÁRA
Àìkú (tuntun) 11:00–11:30 | DÁRA

Ìyá_Ìdẹ̀nà

Ìlà kẹrin. Kò ní ìdí.

Ọmọ_Oganla

Mà, ó ka 272. Gbogbo àwọn tó yí i ká wà ní 310 sókè. Ó ń ba ìlà mi jẹ́.

Ìyá_Ìdẹ̀nà

Báwo ni ooru? Báwo ni òkè? Àlàfo ńkọ́? Iná bátìrì?

Ọmọ_Oganla

31°C. Òkè wà lójú kan. Àlàfo dára. Bátìrì kún.

Ìyá_Ìdẹ̀nà

Gbòǹgbò 312 jẹ́ bíi 18. O yẹ̀ ní 40. Ọ̀sẹ̀ kan ní ìdajì wákàtí 336, bíi mẹ́tàdínlógún nínú wọn máa ń yẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Kí lo rí tó jẹ́ àbùkù níbẹ̀?

Ọmọ_Oganla

Kò sí, mà. Kò wù mí ni.

Mo ti dá a padà sí DÁRA.